Àlejò Inú Kọ̀ǹpútà: Bí A Ṣe Ń Fi OS Sínú Virtual Machine

   

Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo ṣèèṣì sọ ọ́ lórí ètò yìí pé inú kọ̀ǹpútà kan tó wà lábẹ́ tábìlì mi nílé ni gbogbo ohùn tí a ti gbà sílẹ̀ ń gbé, àti pé kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo yẹn, kọ̀ǹpútà mẹ́ta ni. Háà! Ẹ ò jẹ́ kí n sinmi. Àwọn kan ní ṣé mo ti ń ṣe awo ni. Ẹnì kan bi mí pé, "Báwo ni kọ̀ǹpútà kan ṣe máa jẹ́ mẹ́ta, ṣé ó lóyún ni?" Ìbéèrè yẹn pa mí lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí òótọ́.

Òní ni mo fẹ́ dáhùn. Mo máa sọ bí a ṣe ń fi OS, yálà Linux tàbí Windows, sínú virtual machine lórí server. Mo sì máa sọ ibi tí mo ti ṣubú, torí pé títẹ "Next, Next, Finish" kọ́ ni wàhálà iṣẹ́ yìí. Ìlérí ni wàhálà rẹ̀. Tó bá yá, ẹ máa rí ohun tí mo ń sọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó rọrùn. OS ló ń darí ẹ̀rọ: Android lórí fóònù yín, Windows lórí laptop. Gbogbo OS ló gbà pé òun nìkan ló ni ẹ̀rọ tí òun wà nínú rẹ̀. CPU tòun ni, RAM tòun ni, disk tòun ni. Virtual machine, tí mo máa pè ní VM láti ìsinsìnyí lọ, ẹ̀tàn ni. Software kan wà lórí kọ̀ǹpútà gidi, hypervisor lorúkọ rẹ̀. Òun ló máa bù lára CPU, á bù lára RAM, á bù lára disk, á kó o fún OS mìíràn, á wá sọ fún un pé, "Gbà, kọ̀ǹpútà tìrẹ rèé." OS yẹn á sì gbà á gbọ́. Kò ní mọ̀ pé kò sí irin kankan tó jẹ́ tòun.

Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ń pe ẹ̀rọ gidi ní host, wọ́n ń pe OS tó wà nínú VM ní guest. Onílé àti àlejò. Mo fẹ́ràn orúkọ yẹn gan-an. Àlejò kò mọ ohun tó wà nínú àká onílé. Ohun tí wọ́n bá gbé síwájú rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí òun ló padà jẹ́ kí n sunkún.

Ẹ má rò pé nǹkan tuntun ni o. IBM ti ń ṣe é ní Cambridge, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts l'Amẹ́ríkà, láti 1967, lórí àwọn ẹ̀rọ ràgàjì tó ń gba odindi yàrá. Ní 1972 wọ́n kéde VM/370 fún àwọn oníbàárà wọn. Kọ̀ǹpútà kéékèèké bíi tiwa ló pẹ́ kó tó lè ṣe é dáadáa. VMware bẹ̀rẹ̀ ní 1998, Intel fi ìrànlọ́wọ́ fún un sínú CPU fúnra rẹ̀ ní 2005, AMD tẹ̀lé e ní 2006, nígbà tó sì di 2007, KVM wọ inú Linux. Ibi tó ti di ti gbogbo wa nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní "cloud", tí ẹ ń kó fọ́tò sí, tí àwọn app orí fóònù yín ń bá sọ̀rọ̀, inú VM ló ń gbé. Àlejò ni gbogbo wọn.

Kí ló wá dé tí mo fi ń ṣe é nílé? Owó ni. Ó lé lọ́dún kan tí a fi ń san owó VPS, ìyẹn VM tí èèyàn ń yá lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ òkè òkun. Dọ́là ni wọ́n ń gbà. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ojú náírà ti rí. Oṣù kan wá dé tí owó server ju owó dátà àti owó oúnjẹ ọ̀sán mi lápapọ̀ lọ. Mo bá gba Computer Village lọ ní Ìkẹjà, mo ra desktop tòkunbọ̀ kan: Core i5, RAM 8 GB, hard disk rẹ̀ sì ń pariwo bí ẹ̀rọ ìlọta. Mo fi RAM kún un títí ó fi di 16 GB, mo yọ hard disk yẹn dànù, mo fi SSD 512 GB sí i. Ẹ̀rọ tí mò ń sọ nìyẹn.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ wò ó bóyá CPU yín ti ṣe tán. Lórí Windows, ẹ ṣí Task Manager, ẹ tẹ Performance, ẹ tẹ CPU, ẹ wo ìsàlẹ̀ níbi tí wọ́n kọ "Virtualization" sí. Tó bá ní "Enabled", kò sí wàhálà. Tó bá ní "Disabled", ẹ wọ inú BIOS lọ tan án. Lórí Intel, ẹ máa rí VT-x tàbí Virtualization Technology. Lórí AMD, SVM ni wọ́n ń pè é. Kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹnì kan tó fi odindi ọjọ́ Sátidé bá VM jà torí pé kò mọ̀. Èmi ni ẹni náà.

Hypervisor tí mò ń lò ni Proxmox VE. Àwọn ará Vienna, olú-ìlú Austria, ló ń ṣe é. Orí Debian Linux ni wọ́n kọ́ ọ lé, KVM ló sì ń bá a ṣe iṣẹ́ náà gan-an. Ọ̀fẹ́ ni. Tẹ́ ẹ bá ti ń wọlé, á máa rán yín létí pé ẹ ò ní subscription. Ẹ tẹ OK, ẹ máa bá tiyín lọ. Àmọ́ ẹ gbọ́ o: tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi Proxmox sórí ẹ̀rọ, gbogbo ohun tó wà lórí disk yẹn ló máa pa rẹ́. Ẹ má dán an wò lórí laptop tí project ìparí ẹ̀kọ́ yín wà. Ẹni tó ní laptop nìkan lè lo VirtualBox, tó máa ń jókòó lórí Windows bí app yòókù. Ohun tí mo máa sọ nípa disk àti RAM kan òun náà.

Tí Proxmox bá ti wà nílẹ̀, ẹ lè yọ monitor kúrò lára ẹ̀rọ náà, kẹ́ ẹ tì í sábẹ́ tábìlì. Láti orí laptop, kódà láti orí fóònù, ẹ ṣí browser, ẹ kọ https, IP ẹ̀rọ náà, kẹ́ ẹ fi 8006 sí i níparí. Browser á figbe ta pé ibẹ̀ léwu. Ohun tó fà á ni pé ẹ̀rọ náà ló fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí ara rẹ̀. Tó bá dá yín lójú pé ẹ̀rọ yín ni, lórí Wi-Fi yín, ẹ kọjá.

Ó wá kan OS tí ẹ fẹ́ fi sí i. Inú fáìlì ISO ló máa ń wà. ISO dà bí ìgbà tí wọ́n ká odindi CD jọ sínú fáìlì kan ṣoṣo. Ti Ubuntu Server ju 2 GB lọ, Debian sì ní èyí tó kéré, netinst, tí kò tó 1 GB, tó máa lọ mú ìyókù wá láti orí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ. Ẹ̀yin tó ń fi dátà alẹ́ ṣe nǹkan bíi tèmi, ẹ ṣọ́ra. Nígbà kan, network já lẹ́ẹ̀mẹta kí fáìlì yẹn tó dé. Mo gbé e wọlé, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, nígbà tó dé àárín, ó dúró, ó ní òun ò lè ka fáìlì kan. Mo rò pé SSD ló bàjẹ́. ISO ló ṣaláìpé. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń ṣe sha256sum. Àṣẹ kan ni, ẹ kọ ọ́, ẹ fi orúkọ ISO yín tẹ̀lé e, á gbé nọ́ńbà gbọọrọ kan jáde. Ẹ fi wé èyí tí àwọn tó ṣe OS náà kọ sójú ewé wọn. Tí lẹ́tà kan ṣoṣo bá yàtọ̀, ẹ dà á nù, ẹ fà á wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ẹ gbé ISO náà sí ibi tí Proxmox ń pè ní "local", kẹ́ ẹ wá tẹ "Create VM". Á bi yín ní ìbéèrè lójú ewé bíi méje. Kò yẹ kí gbogbo rẹ̀ gba àkókò yín. Orúkọ àti nọ́ńbà ló kọ́kọ́ máa béèrè. Láti 100 ni nọ́ńbà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ sọ ọ́ ní orúkọ tẹ́ ẹ máa dá mọ̀ lóru tí orí yín bá gbóná. Èmi pe tèmi ní "ohun", "idanwo" àti "windows", láìsí àmì, torí kò gba àmì. Lẹ́yìn náà, ẹ yan ISO, ẹ sọ bóyá Linux ni tàbí Windows. Network, ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà: vmbr0. Ìyẹn á jẹ́ kí àlejò yín gba IP tirẹ̀ lọ́wọ́ router, bí ìgbà tí kọ̀ǹpútà mìíràn wọ inú ilé. CPU, ẹ fún un ní méjì. Tí ẹ̀rọ yín bá jẹ́ ẹyọ kan, ẹ yan "host" níbi Type, kí àlejò lè lo gbogbo agbára tí CPU ní.

RAM àti disk ni ká dúró lé lórí.

RAM kì í purọ́. Ẹ̀rọ mi ní 16 GB. Onílé fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹun, mo máa ń fi 2 GB sílẹ̀ fún un, ó kéré tán. Ó ku 14. Tí mo bá pín 6 síbí, 8 sọ́hùn-ún, ó ti tán nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá pín ju ohun tẹ́ ẹ ní lọ, tí gbogbo wọn sì fẹ́ jẹun lẹ́ẹ̀kan náà, Linux á mú ọ̀kan nínú wọn, á pa á, kí ilé má baà wó. Debian tí kò ní desktop, 2 GB tó o. Windows 11 ló ń béèrè 4 GB, disk 64 GB, àti TPM 2.0. Proxmox lè ṣe TPM ayédèrú fún un, kò sì ní mọ̀.

Disk ló ń purọ́. Ibi tí Proxmox máa ń tọ́jú disk àwọn VM sí, "local-lvm" ni wọ́n ń pè é, thin ni. Tẹ́ ẹ bá sọ pé disk VM yìí, kó jẹ́ 200 GB, kò ní gé 200 GB sọ́tọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìlérí ló ṣe. Bí àlejò bá ṣe ń kó ẹrù dé ló ń fún un láyè. Nítorí náà, kò sí ohun tó máa dá yín dúró láti ṣèlérí ju ohun tẹ́ ẹ ní lọ. Ẹ ti gbọ́ ti ejẹ́ńtì tó gba owó yàrá kan ṣoṣo lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta, àbí? Níwọ̀n ìgbà tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò tíì kó ẹrù dé, èèyàn dáadáa ni.

Lára SSD 512 GB yẹn, nígbà tí Proxmox ti mú ìpín tirẹ̀, ó ku nǹkan bíi 340 GB fún àwọn VM. Mo fún VM "ohun" ní 200, mo fún "idanwo" ní 200, mo fún "windows" ní 100. Ẹ ṣírò ẹ̀. Kò sẹ́ni tó bá mi sọ ọ́. Mo fara mọ́ ọn, mo tẹ Finish, inú mi dùn.

Ẹ jẹ́ kí n parí fífi OS sí i ná, ká tó dé ibẹ̀.

Ẹ tẹ Start, ẹ tẹ Console, ojú ìwé tí Debian fi ń kíni á yọ nínú browser yín, bí ẹni pé ẹ jókòó síwájú kọ̀ǹpútà gidi. Ẹ yan èdè, ẹ yan aago. Tó bá béèrè password fún root, tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ lófìfo, ẹni àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ dá sílẹ̀ ló máa ní àṣẹ sudo. Bí mo ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Lẹ́yìn náà ló máa wá dé ibi tí ọkàn gbogbo ẹni tó jẹ́ tuntun ti máa ń já: "Guided – use entire disk". Á tún bi yín bóyá kó kọ gbogbo rẹ̀ sórí disk, pé ohun tó wà níbẹ̀ máa pa rẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan pè mí lórí fóònù nígbà tó dé ibẹ̀, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ní, "Dúró, dúró, ṣé kì í ṣe disk gbogbo wa nìyẹn?" Rárá, ẹ̀gbọ́n mi. Disk tí ẹ bù fún àlejò nìkan ló rí. Ó lè fọ́ gbogbo abọ́ tó wà nínú yàrá rẹ̀, kò lè dé ilé ìdáná. Ẹ tẹ Yes.

Níbi tó ti béèrè irú software tẹ́ ẹ fẹ́, ẹ yọ àmì kúrò níwájú gbogbo desktop, ẹ fi àmì sí SSH server. Server kò nílò ojú ìwé aláràbarà. Ẹ jẹ́ kó fi GRUB sórí /dev/sda, kó tún ara rẹ̀ tan. Ó tán. Kò pẹ́ rárá tí network bá dáa.

Windows ni tirẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi disk rẹ̀ sórí VirtIO, tó yá jù, á dé ibi tó yẹ kó fi disk hàn yín, ojú ibẹ̀ á ṣófo báyìí. Kò rí nǹkan kan. Kì í ṣe pé disk sọnù. Windows kò gbọ́ èdè VirtIO ni, ó sì ń fẹ́ ògbufọ̀. Ògbufọ̀ yẹn wà nínú ISO kejì tí wọ́n ń pè ní virtio-win. Ẹ so ó mọ́ VM náà bíi CD kejì, ẹ tẹ "Load driver", ẹ lọ sínú vioscsi, disk á yọ. Lẹ́yìn tí Windows bá wọlé tán, kò tún ní rí network. NetKVM nínú ISO kan náà ló máa yanjú ìyẹn. Ọ̀rẹ́ mi tó máa ń bá mi gé ohùn ló fẹ́ Windows o, kì í ṣe èmi. Ó ní software kan wà tí òun kò lè fi sílẹ̀.

Ẹ má lọ síbì kankan lẹ́yìn tí OS bá wọlé tán. Ẹ yọ ISO kúrò nínú CD VM náà, ẹ yan "Do not use any media". Ìdí ni pé, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá pa ISO rẹ́ láti fi gba àyè, VM yẹn lè kọ̀ láti tan, á ní òun ń wá CD òun. Ẹ wá fi qemu-guest-agent sínú àlejò, ẹ fi àmì sí i nínú Options lẹ́gbẹ̀ẹ́ onílé náà, kẹ́ ẹ wá pa VM pátápátá kẹ́ ẹ tó tún un tan. Agent yìí ni ẹnu tí àlejò fi ń bá onílé sọ̀rọ̀. Òun ló ń jẹ́ kí onílé lè sọ pé, "Dá ọwọ́ ìkọ̀wé dúró díẹ̀, mo fẹ́ ṣe backup." Tẹ́ ẹ bá fi àmì sí i lọ́dọ̀ onílé, tẹ́ ẹ ò fi sínú àlejò, ẹ máa tẹ Shutdown, tẹ́ ẹ máa dúró títí, kò ní dá yín lóhùn.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká lọ síbi ẹkún mi.

A lọ sí Abẹ́òkúta lọ gba ohùn ìyá aláró kan sílẹ̀. Láti kékeré ló ti ń rẹ adìrẹ. Wákàtí méjì ni ìyá yìí fi bá wa sọ̀rọ̀, bí wọ́n ṣe ń sun eérú, bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ìkòkò aró ti "jí", orúkọ àwọn àrà tó wà lára aṣọ àti ìtàn wọn. Ó kọ orin níbẹ̀. A ṣèlérí fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé a máa fún wọn ní gbogbo rẹ̀, kì í ṣe èyí tí a gé nìkan.

Lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ọ̀, ọ̀rẹ́ mi da ohùn náà láti inú káàdì sórí VM "ohun". Ó dé 100 nínú 100. Ó rí i pé ó ti wọlé, ó fọ káàdì náà mọ́ torí iṣẹ́ mìíràn wà lọ́la. Èmi ṣí Proxmox láti wo nǹkan mìíràn, mo rí àmì ofeefee kékeré kan lára VM náà: io-error. "Idanwo" náà ti ní òun ò lè kọ nǹkan kan mọ́. "Windows" ti dákú.

340 GB ti kún. Gbogbo ayálégbé ló ti kó ẹrù dé.

Ohun tó dùn mí jù ni pé, ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, mo ti pa nǹkan bíi 80 GB ohùn àtijọ́ rẹ́ nínú VM yẹn. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi: àlejò sọ pé àyè ti wà. Òótọ́ ló sọ, lọ́dọ̀ tirẹ̀. Kò sọ fún onílé. Fún onílé, 80 GB yẹn ṣì kún fún ẹrù. Àmì kékeré kan wà lójú ewé Disks tí wọ́n ń pè ní "Discard". Tẹ́ ẹ bá fi àmì sí i, tí àlejò sì ń ṣe fstrim, àyè tí àlejò bá tú sílẹ̀ á padà sọ́wọ́ onílé. N kò fi àmì sí i. Àpótí tóóró kan báyìí, mo fò ó nítorí pé n kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ sí ohùn ìyá aláró nìyí. Nígbà tí fáìlì ń wọlé, àlejò ń sọ pé, "Mo ti gbà á, mo ti gbà á." Ṣùgbọ́n inú RAM ló ń kọ́kọ́ kó o sí, kó tó wá kọ ọ́ sórí disk. Disk sì ti kún. Mo pa VM Windows rẹ́ pátápátá kí àyè lè wà (ọ̀rẹ́ mi kò tíì dárí jì mí), mo tún "ohun" tan, ó tún disk rẹ̀ yẹ̀ wò, ó wọlé. Mo ṣí fáìlì náà. Ó sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 50 ó lé díẹ̀, ìyókù dákẹ́ rọ́rọ́.

Ẹ máa ní, "Ṣé kò sí snapshot ni?" Ó wà. Mẹ́rin ló wà. Lára ohun tó jẹ́ kí disk tètè kún nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá ṣe snapshot, Proxmox á di ìrísí àtẹ̀yìnwá yẹn mú, kò ní jọ̀wọ́ rẹ̀ kódà tẹ́ ẹ bá pa fáìlì rẹ́. Ó sì tún ń gbé lórí disk kan náà. Ó dáa fún ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe update tẹ́ ẹ ń bẹ̀rù rẹ̀: ẹ ṣe é, ẹ dán nǹkan yín wò, ẹ yọ ọ́ kúrò. Kì í ṣe backup.

A padà sí Abẹ́òkúta. Ìyá náà kò bínú, ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ẹ ò wá ní bírò ni?" Ó tún gbogbo rẹ̀ sọ fún wa. Ṣùgbọ́n orin tó kọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ní kò sí lẹ́nu òun mọ́, pé nǹkan tó wá fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ náà ni. Àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì ń bèèrè.

Bí a ṣe wá ń ṣe é nísinsìnyí nìyí. Àpapọ̀ ìlérí disk kò gbọ́dọ̀ ju ohun tó wà nílẹ̀ lọ. Mo tún gbogbo rẹ̀ pín: "ohun" 200, "idanwo" 40, Windows kékeré kan 64. Ìyẹn jẹ́ 304 nínú 340. Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀gá iṣẹ́ yìí máa ń ṣèlérí ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ní ohun tó ń ké sí wọn nígbà tí àyè bá fẹ́ẹ́ tán. Èmi kò ní. Discard ti wà lára gbogbo disk. Hard disk USB kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà, Proxmox ń ṣe backup gbogbo VM sórí rẹ̀ ní aago méjì òru, ó sì ń tọ́jú mẹ́ta tó kẹ́yìn. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, mo máa ń mú ọ̀kan nínú backup náà, máa fún un ní nọ́ńbà tuntun, máa jí i bíi VM mìíràn, máa ṣí fáìlì kan nínú rẹ̀, máa gbọ́ ọ. Tó bá sọ̀rọ̀, máa pa VM náà rẹ́. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, kò jí. USB náà ti já nídìí ẹ̀rọ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, kò sì sẹ́ni tó mọ̀.

Ti iná ìjọba ńkọ́? Mo ra UPS tó lè gbé ẹ̀rọ náà fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú, ó tó láti pa á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mo fi àmì sí "Start at boot" lára VM "ohun", mo sì sọ fún BIOS pé kó tan ẹ̀rọ náà tí iná bá padà dé. Nítorí náà, tí NEPA bá mú iná lọ nígbà tí n kò sí nílé, mo lè wà ní Ìbàdàn kí n rí i lórí fóònù mi pé àlejò mi ti jí.

Káàdì tí a fi ń gba ohùn, òfin ti wà lórí ìyẹn náà: kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́ títí backup aago méjì òru fi máa kọjá. Ọ̀rẹ́ mi ló ṣe òfin yẹn, ó fi tépù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara àpò káàdì.

Ẹ fi ìbéèrè yín ránṣẹ́ sí wa ní ibi tẹ́ ẹ máa ń fi í sí. Ẹ sọ irú ẹ̀rọ tẹ́ ẹ ní, RAM rẹ̀ àti ìwọ̀n disk rẹ̀, kí n lè bá yín ṣírò ẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ máa gbọ́ ìyá aláró yẹn fúnra rẹ̀, ìṣẹ́jú 50 ti ọjọ́ àkọ́kọ́ àti ìyókù ti ọjọ́ kejì. Ẹ máa gbọ́ ibi tí ohùn náà ti yàtọ̀. Ó dàbọ̀ o.